Báǹkì ti káàdì bàbá mi pa: kí ni mo lè ṣe?

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, Peckham:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi. Bàbá mi ti pé ọdún 79, ó sì ti lé ní ogójì ọdún tí wọ́n ti ń gbé Lọ́ńdọ̀nù. Láti èṣí ni dókítà ti sọ pé àrùn ìgbàgbé ló ń ṣe wọ́n. Èmi là ń jọ gbé. Káàdì báǹkì wọn wà lọ́wọ́ mi, òun ni mo fi ń ra oúnjẹ, tí mo fi ń san owó iná. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo pe báǹkì, mo ní ọmọ wọn ni mí, àfi bí wọ́n ṣe ti káàdì pa. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà ní Manchester wá ń sọ kiri pé mò ń jẹ owó Bàbá. Ọlọ́run rí mi, gbogbo rìsíìtì ni mo kó sínú páálí.

Èyí tó dùn mí jù ni pé oṣooṣù ni Bàbá máa ń fi £60 ránṣẹ́ sí àbúrò wọn obìnrin ní Iléṣà. Owó yẹn ò lọ mọ́. Màámi Iléṣà rò pé èmi ni mo dá a dúró. Ẹ gbà mí o.

Ìyá Ìbejì, Woolwich:
Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló mú ọ ṣe é, ṣùgbọ́n báǹkì ò gbà kí ẹlòmíì máa lo káàdì oníkáàdì, ìbáà jẹ́ ọmọ bíbí inú rẹ̀. Kó o tó máa sáré kiri, ṣé Bàbá ṣì ń lóye ọ̀rọ̀? Òfin Mental Capacity Act ti ọdún 2005 ní ká gbà pé orí àgbàlagbà pé títí ẹ̀rí yóò fi hàn pé kò pé mọ́. Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sì ń wò lọ́tọ̀. Ẹni tí kò lè ṣírò owó ilé mọ́ ṣì lè mọ ẹni tó fẹ́ kó máa bá òun mójú tó o.

Ìyá ọkọ mi, láàárọ̀, tí wọ́n bá ti mu ẹ̀kọ tán, ọ̀rọ̀ wọn á já gaara. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, wọn ò ní dá mi mọ̀. Àárọ̀ la pe ẹni tó máa jẹ́rìí sí ìwé LPA wọn (Lasting Power of Attorney, ìwé tí èèyàn fi ń yan ẹni tó máa bá a mójú tó ọ̀ràn rẹ̀). Ó ní kí gbogbo wa jáde, òun nìkan ló bá wọn sọ̀rọ̀. Ìgbà tí Office of the Public Guardian, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó irú ìwé bẹ́ẹ̀, forúkọ ìwé náà sílẹ̀ la tó lè lò ó.

Bàbá Ṣadé, Leeds:
Tí Bàbá ò bá lóye mọ́ ńkọ́? Ẹ má di ọwọ́ wọn mú fi bu ọwọ́ lùwé o! Court of Protection ló kù, kóòtù tó ń rí sí ọ̀ràn àwọn tí kò lè ṣèpinnu fúnra wọn mọ́, kí wọ́n yàn ọ́ ní deputy, ìyẹn ẹni tí kóòtù fún láṣẹ láti mójú tó owó Bàbá. Mo ṣe é fún àbúrò mi lẹ́yìn tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú. Dókítà tàbí social worker ló máa kọ fọ́ọ̀mù COP3, èyí tó ń sọ bóyá Bàbá ṣì lè ṣèpinnu. Owó ìwé lé ní £400, o sì lè gbà á padà nínú owó Bàbá. Ó gba sùúrù, torí oṣù mélòó kan ni. Ó kéré tán, èèyàn mẹ́ta tó sún mọ́ Bàbá lo gbọ́dọ̀ fi tó létí, nítorí náà má fi ẹ̀gbọ́n rẹ sílẹ̀. Ọdọọdún lo máa ro ìṣirò owó fún Office of the Public Guardian. Má sọ páálí rẹ yẹn nù.

Ní báyìí ná, pe àwọn tó ń san pẹ́ńṣọ̀n, sọ pé o fẹ́ jẹ́ appointee, ìyẹn ẹni tó ń bá ẹlòmíì gba owó ìjọba. Ọ̀fẹ́ ni. Wọ́n á wá wò yín nílé. Ṣùgbọ́n pẹ́ńṣọ̀n àti owó ìrànwọ́ ìjọba nìkan lo lè fi gbà, kò kan owó tí wọ́n fi pamọ́ sí báǹkì.

Nọ́ọ̀sì Kékeré, Luton:
Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé Bàbá ń gba Attendance Allowance, owó ìrànwọ́ ìjọba fún àgbàlagbà tó nílò ìtọ́jú? Tí wọ́n bá ń gbà á, tí dókítà sì kọ̀wé pé ọpọlọ wọn ti rẹ̀ gan-an, ẹ lè gba ẹ̀dínwó lórí council tax, owó orí ilé tí à ń san fún ìjọba ìbílẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tiwa ni kì í béèrè.

Ìyá Ìbejì, Woolwich:
Ti Màámi Iléṣà ló wà lọ́kàn mi. Tó o bá di deputy, ẹ̀bùn ọjọ́ ìbí tàbí ti Kérésì tó mọ níwọ̀n kì í dá wàhálà sílẹ̀. Ti oṣooṣù yàtọ̀. Kọ ọ́ sínú ìwé tó ń lọ sí kóòtù, so àkọsílẹ̀ báǹkì mọ́ ọn, kí wọ́n rí i pé Bàbá fúnra wọn ló ti ń ṣe é. Ṣé o tiẹ̀ ti bi wọ́n? Àbúrò wọn ni, owó wọn ni. Ó lè jẹ́ pé ọ̀rọ̀ yẹn ṣì yé wọn.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, Peckham:
Ẹ ṣé gan-an. Mi ò bi wọ́n rí, mo kàn gbà pé wọn ò ní mọ̀ ni. Láàárọ̀ yìí mo bi wọ́n. Wọ́n ní, "Ó ta aṣọ òfì rẹ̀ kí n tó rówó ọkọ̀ dé Èkó. Ṣé o ti fi tirẹ̀ ránṣẹ́?" Lẹ́yìn náà wọ́n tún bi mí pé ta ni mí.

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni mo gbà lọ́wọ́ dókítà. Ẹ̀gbọ́n mi ò gbé fóònù. Mo ti ya fọ́tò àwọn rìsíìtì náà ránṣẹ́ sí i.