Wọ́n fẹ́ tún ọmú àǹtí mi ṣe lẹ́yìn jẹjẹrẹ: mo ń tọrọ ìmọ̀ràn

Àdùkẹ́_Bódìjà: Ẹ̀yin ará, mo kí i yín. Wọ́n ti gé ọmú òsì àǹtí mi nítorí jẹjẹrẹ, ó sì ku ìtọ́jú onítànṣán. Dókítà ní wọ́n lè fi àpò sílíkónì sí i, kí wọ́n sì fi awọ kan tí wọ́n ti tọ́jú gbé e ró, tàbí kí wọ́n lo ẹran ẹ̀yìn tàbí ti ikùn àǹtí mi fúnra wọn. Mùsùlùmí ni wọ́n, wọn kò sì fẹ́ ohunkóhun tó bá jẹ mọ́ ẹlẹ́dẹ̀. Èwo ni kí a mú?

Nọ́ọ̀sì_Yemẹtù: Ẹ kú ìtọ́jú. Awọ yẹn pé oríṣi: ti òkú èèyàn wà, ti ẹlẹ́dẹ̀ wà, ti màlúù náà wà. Wọn a fọ gbogbo sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ dànù, kí ara ẹni tí wọ́n fi sí má baà kọ̀ ọ́. Kí àǹtí yín tó fọwọ́ sí ìwé, ẹ béèrè orúkọ rẹ̀, nítorí awọ ẹlẹ́dẹ̀ ni Strattice, ti èèyàn sì ni AlloDerm.

Alàgbà_Mọ́kọ́lá: Ìtànṣán yẹn ló kàn mí jù. Awọ náà kò ní iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sí i. Iṣan ara aláìsàn ni yóò rọra hù wọ inú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ kì í rìn dáadáa mọ́ níbi tí ìtànṣán bá ti jó. Bí kòkòrò bá wọ ibẹ̀, ó lè di dandan kí wọ́n yọ àpò náà. Ní oṣù Kẹta ọdún 2021, FDA, àjọ tó ń ṣàbójútó oògùn àti ohun èlò ìṣègùn ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ pé ó jọ pé ewu FlexHD àti AlloMax, tí àwọn náà jẹ́ awọ èèyàn, pọ̀ ju ti àwọn yòókù lọ, wọ́n sì ní àwọn kò tíì fọwọ́ sí ìkankan nínú awọ wọ̀nyí fún títún ọmú ṣe. Ní tèmi, ẹran ara àǹtí yín ni kí ẹ fi ṣe é, lẹ́yìn tí ìtànṣán bá parí tí àyà wọn sì ti sinmi fún oṣù mélòó kan.

Màmá_Àpáta: Ẹran ẹ̀yìn ni wọ́n fi ṣe tèmi, wọ́n fà á gba abẹ́ abíyá wá síwájú láìgé iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ bọ̀ wá síbẹ̀. Ó dára, àmọ́ apá yẹn kò lágbára bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, kí ẹni tó bá ń gún iyán tà rò ó dáadáa. Ti ikùn náà ní tirẹ̀: ara ikùn lè dẹ̀.

Àdùkẹ́_Bódìjà: Mo dúpẹ́ púpọ̀. Bí ìtànṣán bá ti parí, a ó lọ rí àwọn oníṣẹ́ abẹ àtúnṣe ara ní ilé ìwòsàn UCH n'Ìbàdàn, a ó sì sọ fún wọn pé ẹran ẹ̀yìn ni a fẹ́. Àǹtí mi ní kí n sọ fún Màmá pé ẹ̀kọ ni àwọn ń tà ní Ọjà Ọba, àwọn kì í gún iyán.