Ṣéńjófà wa ń kùn lóru, ẹ gbà wá o

Ẹ káalẹ́ o, Súrùlérè la wà, ṣéńjófà ọ̀tọmátíìkì wa (èyí tó ń pààrọ̀ iná ìjọba àti jẹ́n fúnra ẹ̀) wà lára ògiri yàrá màmá mi, tí iná ìjọba bá ti dé ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í kùn hùùùn bí oyin títí ilẹ̀ á fi mọ́, màmá ò rí oorun sùn mọ́, ó ń dùn mí gan-an. Tó bá jẹ́ jẹ́n la tàn kì í kùn tó bẹ́ẹ̀.

— Kọntátọ̀ inú ẹ̀ ni, ìyẹn súwíìṣì tí mágínẹ́ẹ̀tì ń fà pa dé. Iná 50 Hz ń fa irin ẹ̀ nígbà 100 láàárín sẹ́kọ́ǹdù kan, tí eruku tàbí ìpẹtà bá wà lójú irin yẹn kò ní lẹ̀ mọ́ra, ariwo á pọ̀. Ẹ pe ẹlẹ́tíríkì, kó pa iná ìjọba àti jẹ́n kó tó ṣí i, kó nù ún, kó má fi sáńpépà ha á o.

— Ẹ wọn fótéèjì náà jàre. Kọ́ìlì (wáyà tó ń sọ kọntátọ̀ di mágínẹ́ẹ̀tì) 230V tó ń jẹ 180 lè má di irin mú dáadáa, ó sì lè jó.

— Ẹ ṣé gan-an ẹ̀gbọ́n, 178 la bá lálẹ́! A ti nù ún, a fi rọ́bà sẹ́yìn àpótí ẹ̀, ó ti dínkù, sítábíláísà ló kù tá a máa rà.