Lock tí mo fi sínú driver síkírínì ń mú kọ̀ǹpútà há: kí ni mo ṣe tí kò tọ́?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí ọ̀rọ̀ yìí ti gba oorun lójú mi.

Mò ń kọ driver (ètò tó ń darí ẹ̀rọ) fún síkírínì kékeré kan lórí Linux, lábẹ́ DRM, apá kernel (ọkàn Linux) tó ń bójú tó síkírínì. Ọ̀nà méjì ló ń fọwọ́ kan data kan náà. Àkọ́kọ́ ni ọ̀nà tí àwòrán tuntun ń gbà wọlé: ó ń kọ àdírẹ́sì ibi tí àwòrán wà nínú memory sílẹ̀, àti iye báìtì tó wà nínú ìlà kọ̀ọ̀kan. Èkejì ni interrupt (ìpè tó ń dá CPU dúró lẹ́nu iṣẹ́) tí wọ́n ń pè ní vblank, tí síkírínì ń fi ránṣẹ́ láàárín fírémù kan sí èkejì, tó ń wọlé ní ìgbà 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Òun ló ń ka nọ́ńbà méjèèjì, tó ń gbé wọn sínú register síkírínì (àyè kékeré inú ẹ̀rọ síkírínì tó ń gba àṣẹ).

Kí n tó fi lock kankan (àgádágodo tí kì í jẹ́ kí ọ̀nà méjì fọwọ́ kan data lẹ́ẹ̀kan náà) sí i, àwòrán á kàn ṣàdédé dàgẹ̀rẹ̀, á sì tún padà bọ̀ sípò. Ìgbà tí mo tẹ nọ́ńbà wọ̀nyẹn síta ni mo rí i: interrupt ti já wọ àárín, àdírẹ́sì jẹ́ ti tuntun, iye báìtì ṣì jẹ́ ti àtijọ́. Mo fi mutex, irú lock kan, sí i, kernel pariwo lójú ẹsẹ̀: "BUG: sleeping function called from invalid context". Mo yọ ọ́, mo fi spin_lock lásán, irú lock tí kì í sùn, sí ibi méjèèjì. Àwòrán dúró dáadáa. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, nígbà mìíràn lẹ́yìn wákàtí kan, gbogbo ẹ̀rọ á há pátápátá, kíbọ́ọ̀dù gan-an ò ní dáhùn. Níbo ni mo ti ṣìnà?

Ìdáhùn kìíní

Ẹ kú ìrọ́jú, àbúrò. Ti mutex rọrùn: ẹni tó bá bá a ní títì á sùn títí wọ́n á fi ṣí i, interrupt ò sì gbọdọ̀ sùn. Ti spin_lock ló yẹ ká dúró lé lórí.

Jẹ́ ká sọ pé CPU 0 ń gba àwòrán tuntun wọlé. Ó ti di lock mú, ó ti kọ àdírẹ́sì, iye báìtì ló kù. Vblank dé, orí CPU 0 yẹn gan-an ló bọ́ sí. Ó dá iṣẹ́ tó bá nílẹ̀ dúró, ó bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Ó dé ìdí lock, ó bá a ní títì, ó wá ń yípo lójú kan pé kí ẹni tó tì í ṣí i. Ta ló tì í? Iṣẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ dá dúró ni. Iṣẹ́ yẹn ò lè tẹ̀ síwájú àyàfi tí interrupt bá parí, interrupt ò sì lè parí àyàfi tí iṣẹ́ yẹn bá ṣí lock. Bó bá jẹ́ CPU mìíràn ni vblank bọ́ sí, á kàn dúró fún ìgbà díẹ̀, CPU 0 á ṣí lock, ayé á máa lọ. Ìdí nìyẹn tó fi ń pẹ́ kó tó há.

Lo spin_lock_irqsave lọ́nà àwòrán, kí o sì fi spin_unlock_irqrestore ṣí i. Ó ń pa interrupt lórí CPU yẹn kó tó di lock mú. Má sáré lo spin_lock_irq o: tó bá ti ń ṣí lock, ó ń tan interrupt padà láìwo bó ṣe bá a. Bí ẹni tó pe iṣẹ́ rẹ bá ti pa á tẹ́lẹ̀ fún ìdí tirẹ̀, o ti bà á jẹ́ fún un.

Ìdáhùn kejì

Ṣé lock tiẹ̀ pọndandan níbí? WRITE_ONCE àti READ_ONCE, tó ń kọ nọ́ńbà tàbí kà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láìsí lock, ni èmi ìbá lò, kó lè yára.

Ìdáhùn kẹta

Rárá, ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ìyẹn tó bó bá jẹ́ nọ́ńbà kan ṣoṣo ni, tí processor lè kọ lẹ́ẹ̀kan náà. Nọ́ńbà méjì tó gbọ́dọ̀ bára mu la ń sọ níbí, WRITE_ONCE ò sì lè so wọ́n pọ̀. Lórí processor 32-bit, àdírẹ́sì 64-bit nìkan gan-an, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń kọ ọ́.

Ẹni tó béèrè, kí lo ń ṣe láàárín ìgbà tí lock wà lọ́wọ́ rẹ? Sọ gbogbo rẹ̀.

Ẹni tó béèrè

Ẹ ṣé gan-an. Mo ń fi kmalloc gba àyè nínú memory, àmì GFP_KERNEL ni mo fún un. Mo ń ṣírò, mo ń kọ nọ́ńbà méjèèjì, mo sì ń fi kfree dá ti àtijọ́ padà. Nínú interrupt, mo ṣì di lock mú nígbà tí mò ń pe drm_crtc_handle_vblank, tó ń sọ fún DRM pé vblank ti dé.

Ìdáhùn kẹta

Ó pọ̀ jù. GFP_KERNEL lè sùn, kò sì sẹ́ni tó ń sùn pẹ̀lú spinlock lọ́wọ́. Gba àyè, ṣírò, kó ohun gbogbo sílẹ̀ kí o tó ti lock. Lẹ́yìn náà tì í, pààrọ̀ ti àtijọ́ sí tuntun, ṣí i, kí o wá dá ti àtijọ́ padà. Kó má ju ìlà mẹ́ta lọ. Kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ lock náà pé àdírẹ́sì àti iye báìtì ló ń ṣọ́. Data ni lock ń ṣọ́, kì í ṣe function. Kí o sì fi lockdep_assert_held sínú iṣẹ́ tó gbọ́dọ̀ bá lock ní títì, kó lè pariwo bí kò bá rí bẹ́ẹ̀.

Ìdáhùn kẹrin

Ohun tó kẹ́yìn tí ẹni tó béèrè sọ yẹn ló bà mí lẹ́rù. drm_crtc_handle_vblank ń ti event_lock, lock ti DRM, fúnra rẹ̀. Nínú interrupt, ìwọ ti lock tìrẹ, event_lock wá tẹ̀ lé e. Lọ́nà àwòrán ńkọ́? drm_crtc_send_vblank_event, tó ń sọ fún ètò tó fi àwòrán ránṣẹ́ pé ó ti bọ́ sójú síkírínì, fẹ́ kí ẹni tó pè é ti ti event_lock. Bí o bá ti event_lock, tí o wá ti tìrẹ nínú rẹ̀, CPU méjì á di ara wọn mú: ohun tí èyí ń wá, ọwọ́ ìyẹn ló wà. irqsave ò lè gbà ọ́ lọ́wọ́ ìyẹn.

Tan CONFIG_PROVE_LOCKING, tó ń jẹ́ kí lockdep, olùṣọ́ lock inú kernel, máa ṣiṣẹ́. Lockdep ti wà nínú kernel láti 2.6.18 lọ́dún 2006, mi ò sì mọ ìdí tí ẹnikẹ́ni á fi máa kọ driver láìtàn án. Kò dúró dìgbà tí ẹ̀rọ á há. Tó bá ti rí ọ̀nà méjèèjì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kódà ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ láìpa ẹ̀rọ, á pariwo.

Ẹni tó béèrè

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú orí ire. Mo tàn án, kò tó ìṣẹ́jú kan: "possible circular locking dependency detected", orúkọ lock méjèèjì wà níbẹ̀, bí ẹ ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Mo ṣí tèmi báyìí kí n tó pe drm_crtc_handle_vblank. Ẹ̀rọ ti ṣiṣẹ́ mọ́jú, kò há.

Ohun kan ló kù. Tí mo bá pààrọ̀ àwòrán léraléra, àmì kéékèèké aláwọ̀ rúdurùdu máa ń yọ lókè síkírínì, á sì pòórá. Ṣé lock mi ṣì kù díẹ̀ káàtó ni?

Ìdáhùn kìíní

Lock rẹ pé. Ẹ̀rọ síkírínì ni kò mọ̀ pé lock wà. Bí ìwọ ti ń pààrọ̀ àdírẹ́sì nínú data rẹ, òun ṣì ń ka àwòrán àtijọ́ láti inú memory títí fírémù yẹn á fi parí, ìyẹn sì lè tó mílísẹ́kọ́ńdì 16.7. Bí o bá ti dá memory yẹn padà, ẹlòmíràn ti lè kọ nǹkan sí i. Ṣé ìwọ fúnra rẹ lo kọ commit_tail, iṣẹ́ tó ń parí pípààrọ̀ àwòrán? Wo ibi tí o ti ń pe drm_atomic_helper_cleanup_planes, tó ń jọ̀wọ́ àwòrán àtijọ́.

Ẹni tó béèrè

Èmi ni mo kọ ọ́. Mò ń pè é láìdúró de ohunkóhun. Mo ti gbé drm_atomic_helper_wait_for_flip_done, tó ń dúró títí síkírínì á fi bọ́ sórí àwòrán tuntun, ṣíwájú rẹ̀ báyìí, mo sì pààrọ̀ àwòrán fún wákàtí méjì gbáko. Àmì kan ò yọ.