Kí ni kí n dá àbúrò mi lóhùn nígbà tó bá pe ara rẹ̀ ní apànìyàn?

Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Ó ti tó ọdún 3 tí àbúrò mi ọkùnrin ti bọ̀ láti ojú ogun. Kì í ṣe ìró ìbọn ló ń dà á láàmú. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó yìnbọn pa, tó sún mọ́ ọn débi tó fi rí ojú rẹ̀, ni kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ó ní kò yẹ kí ọmọ òun máa dì mọ́ òun.

Mo sọ fún un pé àṣẹ ló tẹ̀ lé, pé bí kò bá yìnbọn, òun ni wọn ì bá pa. Ńṣe ló dìde, ó jáde. Dókítà fún un lóògùn oorun. Ó ń sùn lóòótọ́, àmọ́ bó bá ti jí, ẹ̀bi náà ti ń dúró dè é.

Mo kà nípa Jonathan Shay, dókítà tó tọ́jú àwọn sójà Amẹ́ríkà tó ja ogun Vietnam, tó sọ̀rọ̀ nípa ọgbẹ́ ẹ̀rí ọkàn. Ó jọ ti àbúrò mi gan-an.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti jagun rí, tàbí tẹ́ ẹ ń bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbé: bó bá sọ pé, "Apànìyàn ni mí," kí ni mo lè sọ tí kò ní jẹ́ irọ́, tí kò sì ní pa á lẹ́nu mọ́?