Wọ́n pààrọ̀ pádì bíréèkì, táyà kan wá ń gbóná

Ará Òkè-Adó: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Corolla 2005 ni mò ń wà. Wọ́n pààrọ̀ pádì iwájú rẹ̀ ní Tákìé, l'Ógbòmọ̀ṣọ́. Látìgbà náà, tí mo bá ti tẹ bíréèkì, á máa ké wíín. Tí mo bá sì ti Ìlọrin dé, ríìmù ọ̀tún kì í ṣeé fọwọ́ kàn, ti òsì ò rí bẹ́ẹ̀. Mẹkáníìkì ní pádì tuntun ni, pé á fara rọ. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Bàbá Sípánà: Igbe lè fara rọ. Kí ẹ̀gbẹ́ kan máa gbóná kì í fara rọ o. Kálípà ọ̀tún, irin tó ń fún pádì mọ́ dísìkì (àwo irin tó ń bá táyà yí), ti di pádì mú, kò tú u sílẹ̀. Ẹ má wà á lọ Ìlọrin mọ́ títí wọ́n á fi tú u. Kí wọ́n fi wáyà so kálípà kọ́ sára sípíríǹgì. Tó bá ń rọ̀ dirodiro lórí hósì, rọ́bà tó ń gbé òróró bíréèkì wá, inú hósì á ya, òde ò sì ní hàn. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n fa píìnì méjèèjì tí kálípà fi ń rìn. Ọwọ́ lásán ló yẹ kó fà wọ́n jáde. Èyí tó bá gan, kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n fi gíríìsì bíréèkì tó ń gba ooru pa á. Gíríìsì bíárìn máa ń mú rọ́bà ibẹ̀ wú, píìnì á tún há. Tí ọ̀kan bá ní rọ́bà kékeré lórí, ẹ má jẹ́ kí wọ́n pààrọ̀ àyè wọn.

Ìyá Ìbejì Sábó: Ẹ bi wọ́n bóyá òòlù ni wọ́n fi gbá pádì wọlé. Etí pádì gbọ́dọ̀ máa yọ̀ nínú kílíìpù, irin pẹlẹbẹ tó gbé e. Tí ìpẹtà bá wà lábẹ́ kílíìpù, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì wáyà ha á, ẹ má fáìlì pádì. Kí wọ́n tún wo irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń ké nígbà tí pádì bá ti jẹ tán: tó bá ti tẹ̀, tó ń kan dísìkì, òun náà lè máa ké.

Ọmọ Àjàwá: Ẹ má tíì dá píìnì nìkan lẹ́bi. Ẹ ti písítìn, irin inú kálípà tó ń ti pádì, padà díẹ̀díẹ̀. Kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wo agolo òróró bíréèkì kó má baà kún dànù. Tó bá kọ̀, ẹ tú nọ́ọ̀tì kékeré tí a fi ń yọ afẹ́fẹ́. Tó bá wọlé nígbà yẹn, hósì ló dí nínú. Tó bá ṣì kọ̀, písítìn ti dípẹtà.

Ará Òkè-Adó: Ẹ ṣé gan-an. Píìnì ìsàlẹ̀ ló gan, sípánà la fi yí i kó tó jáde. Ṣé kí n ra dísìkì náà?

Bàbá Sípánà: Ẹ wo ara dísìkì, wọ́n kọ MIN TH (bó ṣe gbọ́dọ̀ nípọn tó, ó kéré tán) síbẹ̀ pẹ̀lú iye mílímítà. Tó bá ti tín ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ra méjì, ọ̀tún àti òsì. Tó bá ṣì nípọn, tí kò là, tí sítiárìn ò gbọ̀n lórí bíréèkì, ẹ fi owó yẹn ra píìnì àti rọ́bà rẹ̀.

Ọmọ Àjàwá: Kẹ́ ẹ tó gbé mọ́tò kúrò lójú kan, ẹ tẹ bíréèkì títí á fi le lábẹ́ ẹsẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, títẹ̀ àkọ́kọ́ á lọ sílẹ̀ pátápátá. Ẹ fún nọ́ọ̀tì táyà dé 103 Nm (ìwọ̀n agbára tí a fi ń fún nọ́ọ̀tì), ẹ máa fò láti ọ̀kan sí èyí tó kọjú sí i. Níbi tí ọ̀nà bá ti dá, ẹ sáré dé 50 kìlómítà ní wákàtí kan, ẹ tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ sí 10 láìdúró, bíi ìgbà mẹ́jọ, kẹ́ ẹ máa jẹ́ kó fẹ́ atẹ́gùn láàárín. Tó bá ṣì gbóná, ẹ má tẹ ẹsẹ̀ mọ́ bíréèkì lójú kan.