Ṣé kí n yọ ẹ̀fẹ̀ kúrò nínú ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi ni?

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ìjọ Onítẹ̀bọmi kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí ni mo ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́. Ẹ̀fẹ̀ ni mo fi ń fà wọ́n mọ́ra. Tí a bá dé Ìṣe 20, níbi tí Yútíkù ti sùn lọ lójú fèrèsé tó sì já bọ́ láti òkè kẹta torí pé ìwàásù Pọ́ọ̀lù gùn, mo máa ń sín in jẹ bó ṣe ń tòògbé. Ẹ̀rín á pa gbogbo wọn, wọn kì í sì í gbàgbé ẹ̀kọ́ náà.

Bàbá díákónì kan wá ní ilé Ọlọ́run kì í ṣe ilé àwàdà, wọ́n ka Éfésù 5:4 sí mi létí, èyí tó ní ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ àti ẹ̀fẹ̀ tí kò tọ́ kò yẹ wá. Mo fi Orin Dáfídì 126:2, tó ní ẹnu wa kún fún ẹ̀rín, bẹ̀ wọ́n, wọn ò gbà. (Àwọn náà ló máa ń rẹ́rìn-ín jù nígbà ìkórè o!) Mo dá ẹ̀fẹ̀ náà dúró, ni àwọn ọmọ bá ń tẹ fóònù. Mo fẹ́ lọ bá pásítọ̀, àmọ́ mi ò fẹ́ kó dẹjọ́.

Báwo ni mo ṣe lè máa ṣẹ̀fẹ̀ lọ láì rí bàbá fín? Ẹ má bínú pé ó gùn. Mo dúpẹ́ sílẹ̀ o.