Àjùtì kọ́, ìdìmú abẹ̀bẹ̀ kọ́: ohun tí ìka ń ṣe gan-an nídìí pọ́ọ̀tì

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìjókòó o. Láti Mọ́ńdè ni mo ti ń ka ohun tí ẹ ń kọ lórí bí a ṣe máa pe oríṣiríṣi pọ́ọ̀tì nínú gọ́ọ̀fù aláwo ní Yorùbá, eré tá a ti ń ju àwo pẹlẹbẹ bíi Frisbee sínú apẹ̀rẹ̀; pọ́ọ̀tì ni jíjù tá a bá ti sún mọ́ apẹ̀rẹ̀. Fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹ̀gbọ́n wa n'Íbàdàn ló ní ká pe spin putt, èyí tí àwo ń pòòyì lọ, ní àjùyí, ká pe push putt, èyí tá a ń fi apá tì lọ, ní àjùtì, àǹtí wa ní London wá fi ìdìmú abẹ̀bẹ̀ kún un fún fan grip, ìyẹn kéèyàn tan ìka ká abẹ́ àwo. Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ò wọ̀ mí lára, Houston níbí ni mò ń gbé, Sátidé kì í kọjá kí n má wà ní páàkì pẹ̀lú àwo lọ́wọ́, ohun tí mo mọ̀ lára ìka mi ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú àjùtì. Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ lẹ sọ, tì náà ni, bí ẹni ti mọ́tò tó kú sójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àṣetì, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpatì, kí letí yín gbọ́? Ohun tá a ṣe tí ò bọ́ sí i, ohun tá a pa tì. Ẹni tí ò gbọ́ àjùtì rí á rò pé àwo tá a jù tí ò wọlé lẹ̀ ń sọ. Ọ̀rọ̀ náà á ti dá eléré lẹ́bi kó tó gbọ́wọ́ sókè!

Jù gan-an ò tiẹ̀ tẹ́ mi lọ́rùn. Nígbà tí wọ́n ṣe pápá ti Oak Grove ní California lọ́dún 1975, òpó ni wọ́n ń fojú sùn, kí àwo ṣáà ti ba òpó, ó parí, ìyẹn la lè pè ní àjùlù. Ed Headrick tó ti ṣiṣẹ́ lórí Frisbee ní iléeṣẹ́ Wham-O tẹ́lẹ̀ ló wá gbé apẹ̀rẹ̀ oníṣéènì jáde, òun náà ló dá PDGA, ẹgbẹ́ àwọn eléré gọ́ọ̀fù aláwo, sílẹ̀ lọ́dún 1976. Bí apẹ̀rẹ̀ ṣe dé, kí àwo ba nǹkan ò tó mọ́, ó gbọ́dọ̀ dúró síbẹ̀. Tó o bá sọ ọ́ bí ẹni sọ òkò lu máńgòrò, ó lè gba àárín ṣéènì kọjá, ó sì lè ta padà síta lójú ẹ báyìí. Ibẹ̀ ni ìka ti di ọ̀rọ̀.

Ẹ wo ọwọ́ mi. Àtàńpàkò wà lórí àwo, ìka tó kù tàn ká abẹ́ ẹ̀, ìfábẹ̀lá fara ti etí ẹ̀. Mo fà á wá sí àyà, ọrùn ọwọ́ tẹ̀ wọlé, mo wá nà án síwájú, ọrùn ọwọ́ ṣí, gbogbo ìka náà sì ṣí lẹ́ẹ̀kan náà, wéré, bí ìgbà téèyàn fọwọ́ tán tí ò rí táwẹ́ẹ̀lì tó wá ta omi ọwọ́ ẹ̀ dànù. Àwo á máa pòòyì lọ, kò ní gbọ̀n. Bí ìfábẹ̀lá bá pẹ́ létí ẹ̀ díẹ̀ báyìí, apá ọ̀tún apẹ̀rẹ̀ ló ń gbà lọ, ó ti ṣe mí tó ìgbà tí mi ò lè kà. Ta nìyẹn o, kì í ṣe jù. Òkòtó là ń ta, ọfà là ń ta, omi ń ta síni lára, gbogbo wọn ni agbára ti ń jáde níbi kékeré lójijì. Torí ẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ ká pe spin putt ní àtapòòyì.

Àbúrò kan ti bi mí níkọ̀kọ̀ pé ṣé àwọn èèyàn ò ní rò pé à ń ta àwo lọ́jà ni. Tà tọjà, ohùn ìsàlẹ̀ ni, ta tọfà, ohùn àárín ni, bá a bá sì ti so pòòyì mọ́ ọn, kò sẹ́ni tó máa wá ná an. Àbúrò náà ní ká lo tàka, ó gbìyànjú, ṣùgbọ́n nínú títàka, àtàńpàkò àti ìka àárín ló ń fi ara gbára, níbi pọ́ọ̀tì ńkọ́, ìka ń yà kúrò lára ara wọn ni. A sì máa ń tàka lé ohun burúkú dànù, mi ò fẹ́ kíyẹn wọ inú ẹ̀.

Push putt wá ńkọ́? Níbẹ̀, apá àti ẹsẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Ọwọ́ á bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ ìbàdí, ìgbọ̀nwọ́ ò fi bẹ́ẹ̀ tẹ̀, àwo á gbé imú sókè díẹ̀, á fò lọ jẹ́jẹ́, á wá já lé ṣéènì láti òkè. Kì í pòòyì púpọ̀, ìdí nìyẹn tí atẹ́gùn fi máa ń fìyà jẹ ẹ́. Àgbéfò ni mo pè é. Àwọn tó ń da méjèèjì pọ̀, òyìnbó ti gé spin pọ̀ mọ́ push, wọ́n ń pè é ní spush. Àwa ò nílò ká gé nǹkan kan, ọ̀rọ̀ ìṣe tiwa máa ń tò tẹ̀ léra wọn fúnra wọn: a gbé e, a ta á, àgbéta. Gbé ló gbọ́dọ̀ ṣáájú torí bí ọwọ́ ṣe ṣe é nìyẹn.

Àǹtí mi, ẹ má bínú, abẹ̀bẹ̀ yẹn ò ṣeé lò rárá. Báwo la ṣe ń di abẹ̀bẹ̀ mú? Igi ẹ̀ la ń dì, ìka gbogbo pa dé pinpin. Fan grip sì rèé, ìka yíya ni, òdìkejì ẹ̀ gan-an! Ẹ rántí bá a ṣe ń gbé àwo oúnjẹ fún àgbà, àtàńpàkò létí òkè, ìka tàn ká abẹ́. Ìgbáwo ni. Ká wá fi ìdìmú sílẹ̀ fún èyí tí ìka ká kò sábẹ́ etí àwo, torí dì ni lóòótọ́.

Pọ́ọ̀tì fúnra ẹ̀, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ òfin ni: tó o bá wà láàárín mítà 10 sí apẹ̀rẹ̀, bó o ṣe wù kó o jù ú, pọ́ọ̀tì ni, o sì gbọ́dọ̀ dúró dáadáa lẹ́yìn àmì ibi tó o ti jù ú kó o tó gbẹ́sẹ̀ síwájú. Agbo mítà 10 dára létí mi fún ibẹ̀.

Èyí tó ṣì ń dà mí láàmú ni release, ìgbà tí àwo ń kúrò lọ́wọ́. Ẹnì kan kọ ìtúsílẹ̀, àmọ́ ẹlẹ́wọ̀n là ń tú sílẹ̀, ewúrẹ́ là ń tú sílẹ̀. Ìjọ̀wọ́ sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ẹni tó jọ̀wọ́ nǹkan ti dẹwọ́, ìka tèmi ò dẹ̀ nígbà yẹn, ńṣe ló le koko. Já bọ́ lọ́wọ́ náà, àṣìṣe nìyẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ta òkòtó dáadáa ní kékeré, ní Ọ̀yọ́, n'Ílọrin, ní Kétu, kí lẹ máa ń pe ìgbà tí òkòtó bá fi ìka sílẹ̀ tí kò tíì kanlẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ síbí, kẹ́ ẹ fi àmì ohùn sí i.